Òòyà Àńkẹ́ àti Ayé Inú Dígí

Ẹ gbé àga onítìmùtìmù yẹn kúrò níwájú mi. Ọdẹ kì í jókòó sórí ohun tó bá rọ̀, oorun ni yóò gbé e lọ. Ẹ bá mi fa àpótí onígi yẹn wá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u báyìí. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnì kankan.

Gbogbo yín lẹ ti rí ohun tí Fadékẹ́mi, ọmọ àbúrò mi, gbé wá láti ìgboro. Kọ̀ǹpútà ni. Láti àárọ̀ lẹ ti pé bò ó, tí ẹnikẹ́ni kò rántí oko mọ́. Ó ní géèmù ló wà nínú rẹ̀. Ayé kan ni, ó rí roboto nínú dígí, ẹni tó ń ṣeré náà ni yóò sì máa tọ́ ọ. Fadékẹ́mi tẹ ibì kan, oòrùn mú. Ó tẹ ibòmíràn, òjò rọ̀. Ohun kékeré kan tí kò ní orí tí kò ní ìrù hù nínú omi, ó pẹ́ díẹ̀, ó di ẹja, ẹja wọ́ gòkè, ó yọ ẹsẹ̀. Ẹ pariwo pé ohun tí ojú kò rí rí nìyí. Rájí mẹkáníìkì sì kọjú sí mi níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, eléyìí kì í ṣe ti ìgbà yín o."

Mo gbọ́, Rájí. Etí tí mo fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀yà nínú koríko kò tíì di. Èmi tí mo ti wo ẹfọ̀n tó bínú lójú, tí ẹfọ̀n náà sì yà fún mi! Èmi ni ìwọ tí ariwo táyà ń lé sá kiri fẹ́ kọ́ ní ohun tó jẹ́ tuntun? Kí iná mànàmáná tó mọ ọ̀nà abúlé yìí, ọdẹ kan ti kúrò níbí lọ, ó ṣe géèmù yẹn, ó ṣe é títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ilé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi.

Orúkọ ọdẹ náà ni Ọdẹ́jìnmí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kì í yin ẹlòmíràn ju ara mi lọ, àmọ́ Ọdẹ́jìnmí mọ ìbọn ín yìn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gẹ̀gùn. Wọn a gun igi lọ, wọn a jókòó sórí ẹ̀ka láìmira títí ẹran yóò fi wá jẹ èso nísàlẹ̀. Ní ti Ọdẹ́jìnmí, kí ó tó gun igi tán ni àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń yún un pé kó sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lórí ẹní. Àńkẹ́, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ fún un pé, "Ọkọ mi, ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo fẹ́. Ara tó kù kò tíì délé."

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, oyún Àńkẹ́ ti wọ oṣù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀. Eyín òòyà igi rẹ̀ ti kán, irun rẹ̀ sì ti ta kókó. Ó ní, "Ẹ bá mi gbẹ́ òòyà mìíràn, kí n lè di irun mi kí ìrọbí tó mú mi. Igi tó dáa wà lẹ́yìn odò níbí. Ẹ má kọjá ibẹ̀ o, mo bẹ̀ yín." Ó fi àkù òòyà náà lé e lọ́wọ́ kí ó máa fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Iṣu wà lórí iná. Ọdẹ́jìnmí wo iṣu náà, ó ní, "Kí èyí tó jinná, mo ti dé."

Iṣu jinná, iṣu tutù, wọ́n bu ú fún ewúrẹ́.

Lẹ́yìn odò, ó rí igi tó dára, ó gé e, ó yí padà láti máa bọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà tóóró kan tí kò rí rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wo ibi tó já sí ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn tí "mo kàn fẹ́ yọjú" ti kó sínú wàhálà láyé yìí pọ̀ ju àwọn tí ogun kó lọ.

Inú Igbó Àìdúró ni ọ̀nà náà já sí. Kò sí ohun kan nínú igbó yẹn tó ń dúró sójú kan. Ìrókò ká gbòǹgbò rẹ̀ sókè bí obìnrin tó ká aṣọ láti la odò kọjá, ó ń lọ. Àpáta ń yí. Ẹyẹ ń fò, kò rí ẹ̀ka bà lé, nítorí ẹ̀ka náà ń sá. Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí ibi tí àwọn ará òun wà, ó sì bá wọn rìn. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló tó mọ ohun tó kó sí. Ó fẹ́ jókòó sórí kùkùté, kùkùté dìde kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fẹ̀yìn ti igi, igi yẹra. Ó fẹ́ na ara rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ń wọ́ lọ bí ẹní tí ẹnìkan ń fà. Ó fẹ́ padà, ọ̀nà tó gbà wá ti gba ibòmíràn lọ. Ó rìn títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè dúró nù ún.

Níbẹ̀ ni ìwin tó ni igbó náà yọ sí i. Rìnkáyé ni wọ́n ń pè é. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjú síwájú, èkejì kọjú sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti yìnbọn fún un kí n tó bi í léèrè orúkọ, àmọ́ ọmọlúwàbí ni Ọdẹ́jìnmí, ó kọ́kọ́ kí i.

Rìnkáyé kò dáhùn ìkíni. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, kí ni ó ń rìn tọ̀sán-tòru tí kì í kúrò níbi tó wà?"

Ọdẹ́jìnmí ronú, ó ní, "Odò ni."

"O gbà á, àmọ́ ìdajì lo gbà. Ìdajì tó kù ńkọ́?"

Ọdẹ́jìnmí wá a títí, kò rí i.

Ìwin náà rẹ́rìn-ín. "Ọkàn ìyàwó rẹ ni. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọ ló ti ń rìn lẹ́yìn rẹ, kò sì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn rí. O kò mọ èyí, o sì ń pe ara rẹ ní arìnrìn-àjò. Ìdajì ìdáhùn, ìdajì ilẹ̀kùn. Mo ṣí ti àtiwọlé fún ọ. Ti àtijáde, ìjókòó nìkan ló lè ṣí i." Ó fẹ́ atẹ́gùn lù ú, Ọdẹ́jìnmí sì bá ara rẹ̀ ní ìlú mìíràn.

Ìlú Dígí ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń rìn. Gbogbo ará ìlú jókòó tẹ̀lé ara wọn, oníkálukú ní àpótí kan tó ní ojú dígí níwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jáde níbẹ̀ ó ń kọ mọ̀nà. Wọ́n ti jókòó pẹ́ débi tí olú hù lórí èjìká àwọn mìíràn. Ẹlòmíràn, aláǹtakùn ti ta okùn so ìgúnpá rẹ̀ mọ́ itan. Kò sí ẹni tó gbójú sókè wo àlejò. Ara Ọdẹ́jìnmí bù máṣọ, ó wá ilẹ̀kùn, kò rí ohun tó jọ ilẹ̀kùn.

Olórí wọn ni ìyá àgbà kan tó ní ọwọ́ mẹ́rin àti ojú kan ṣoṣo tó fẹ̀ bí àwo. Ajíṣeré lorúkọ rẹ̀. Ó fa àga kan fún Ọdẹ́jìnmí, ó ní, "Má sáré kiri, ẹsẹ̀ kò wúlò níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ìlú wa, yóò tọ́ ayé kan. Èyí ni tìrẹ. Bọ́tìnnì yìí ni ti oòrùn, èyí ni ti òjò, èyí ni ti ẹ̀fúùfù. Ọjọ́ tí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀ bá gbójú sókè tó kí ọ, ọjọ́ náà ni wàá máa lọ sílé."

"Kíkí lásán, ìyá? Ewúrẹ́ mi ń kí mi nílé."

"Òbúkọ ló ń kí, ìwọ kọ́."

Ọdẹ́jìnmí tún rí bọ́tìnnì kẹrin, ó dúdú bí èédú. Ó béèrè kí ni ti èyí. Ajíṣeré ní, "Bó bá di ọjọ́ tí o ń lọ, a óò sọ fún ọ." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ, àmọ́ Ọdẹ́jìnmí kò bi í mọ́. Ìlọ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó jókòó, ó wo inú dígí. Òkúta gbígbóná ni ayé rẹ̀, èéfín ń rú níbẹ̀, kò sí ewé kan. Ó ní òjò ló kù, ó tẹ ti òjò mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Omi bo gbogbo rẹ̀. Ó yára tẹ oòrùn, omi gbẹ. Ó tún un ṣe, ohun tútù kan tó jọ èérí omi hù lábẹ́ òkúta, inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ kó di ẹja kí ọ̀sán tó pọ́n, ó tú ẹ̀fúùfù lé e lórí, ohun gbogbo di yìnyín. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, tó ń bà á jẹ́. Nígbà tó jàjà rí ẹja, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yún un, ó dìde kó lọ nasẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó padà dé, oòrùn ti mú kọjá àlà, gbogbo ẹja ti léfòó, inú wọn funfun lókè.

Ìwin kan tó ń jẹ́ Tẹ̀ẹ́pa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayé ti Tẹ̀ẹ́pa rẹwà: igbó wà níbẹ̀, agbo ẹran ńlá ńlá ń mu omi, ìyá ń lá ọmọ lára. Lójijì Tẹ̀ẹ́pa yán, ó ní, "Ó ti sú mi," ó sì tẹ bọ́tìnnì dúdú. Kíá. Dígí ṣókùnkùn.

Ọdẹ́jìnmí fò dìde. "Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn wo?" Tẹ̀ẹ́pa ti ń tan òkúta mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe Ọdẹ́jìnmí níbẹ̀. Ó ti pa ẹran láyé rẹ̀, kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọdẹ pa, yóò rù ú, yóò kun ún, yóò jẹ ẹ́, yóò fún aládùúgbò. Ọdẹ kì í pa abo tó lóyún, bó bá sì ṣèèṣì pa á, yóò ronú títí. Kò tíì rí ẹni tó pa odidi igbó nítorí pé ó yán. Ẹ̀rù Tẹ̀ẹ́pa bà á ju ẹ̀rù ẹkùn lọ. Nígbà náà ló mọ ohun tí bọ́tìnnì kẹrin wà fún, ó sì fa àga rẹ̀ jìnnà sí i.

Ó wá rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ nígbà tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀gùn: ọdẹ tí kò lè jókòó, ẹran ló ń dẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa, n ó gẹ̀gùn." Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́. Ọwọ́ náà ń rìn lọ sí ti òjò, ó ń rìn lọ sí ti oòrùn. Kí ó lè rí iṣẹ́ fún un ló ṣe yọ igi tó gé lẹ́yìn odò jáde, ó yọ ọ̀bẹ, ó gbé àkù òòyà Àńkẹ́ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ òòyà. Bí ara bá ń ta á pé kó tẹ oòrùn, yóò ha eyín òòyà díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yún un, yóò fi ọ̀bẹ fá igi díẹ̀. Láti mú ọkàn rẹ̀ dúró, ó ń bá inú dígí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ajá ọdẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sun ìjálá fún wọn, ó ń sọ fún wọn nípa Àńkẹ́ àti iṣu tó wà lórí iná. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dárí jì mí, òwe ni.

Èérí omi tún hù. Ọdẹ́jìnmí kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Èérí náà yọ ìrù. Ó wá di ẹja olórí wúwo kan tó ń wo ẹrẹ̀ etí odò bí ẹni tó ń wo ilé ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ́ sórí ẹrẹ̀ náà, ó ń mí gúlegúle, Ọdẹ́jìnmí náà di èémí mú. Ẹja náà padà sómi. Ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí fò sí ti òjò, ó fà á padà, ó gbẹ́ eyín òòyà kan. Ẹja tún gòkè. Ìgbà tí yóò fi dúró sórí ilẹ̀ tí kò padà mọ́, òógùn ti bo ọdẹ wa láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ̀dá pọ̀ sí i. Àwọn ńlá ńlá dìde, wọ́n ń jẹ àwọn kéékèèké, inú ń bí i débi pé ó wá ìbọn rẹ̀ nílẹ̀. Ó jókòó. Òtútù ńlá dé, àwọn ńlá náà ṣubú lulẹ̀, ó sunkún fún wọn pẹ̀lú. Lábẹ́ òkúta, àwọn kan wà tí kò tóbi ju òkété lọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà, etí fẹ̀ bí ewé kókò. Àwọn wọ̀nyí ló là á já. Ọdẹ́jìnmí rí wọn tí wọ́n ń fi ewé bo ara wọn. Ó rí wọn tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún èyí tí kò lè rìn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kú, àwọn tó kù wa ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀, wọ́n sì jókòó yí i ká. Ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́jìnmí. Òòyà ti pé.

Abo arúgbó kan dìde láàárín wọn. Ó gun òkè kékeré kan, ó na etí rẹ̀, ó gbójú sókè tààrà wo Ọdẹ́jìnmí. Ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ṣùgbọ́n èdè tí ó ti ń gbọ́ láti ẹnu ọdẹ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti kí Ọdẹ́jìnmí láyé rẹ̀. Wọ́n ti kí i kú ọ̀nà, wọ́n ti kí i kú ìrìn, kú àárẹ̀, kú àbọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tó kí i kú ìjókòó rí. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó gbé ìka rẹ̀ lé dígí, abo arúgbó náà sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè.

Ajíṣeré pa àtẹ́wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ògiri là, ọ̀nà ilé yọ. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, o ṣe é. Tẹ dúdú yẹn, kí o máa lọ."

"Ìyá, kí ló dé tí n ó fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ayé tí kò bá ní ẹni tó jókòó tì í, a kì í fi í sílẹ̀ níbí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni a óò fi tan ti àlejò mìíràn. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, jókòó tì í. Kò sí ẹni tó lé ọ." Ó fi ọwọ́ kan nu ojú dígí, ayé náà kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ọdẹ́jìnmí sì rí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àńkẹ́ jókòó níbẹ̀, ó kọjú sí ìhà odò. Irun orí rẹ̀ kò tíì dì.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n tiwọn ni kí ó ṣe báwo, àwọn tó kí i? Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà á lọ sílé, ọwọ́ rẹ̀ di àpótí mú. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ẹni tí kò lè dúró sójú kan tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tí kò lè lọ. Tẹ̀ẹ́pa ti sún mọ́ ọn, ó ń nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, "Bí ojú bá ń tì ọ́, jẹ́ kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láàárín ẹkún náà ni Ọdẹ́jìnmí rántí igi ìdáná. Ní abúlé wa níbí, bí obìnrin bá ṣẹ́gi sétí ọ̀nà tí kò lè rù ú tán, ṣé yóò sùn tì í ni? Yóò gbé ṣùkù àgbàdo tàbí bàtà tó gbó lé e lórí, yóò sì máa lọ sílé rẹ̀. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé ohun náà ní olóhun, àti pé bí òun bá fọwọ́ kàn án, ohun tó ṣe ṣùkù náà ni yóò ṣe òun. Olè paraku a wò ó, a mú ìrìn rẹ̀ pọ̀n.

Ọdẹ́jìnmí bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, èyí tí ìrìn ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Ó mú àkù òòyà Àńkẹ́. Ó fa òwú yọ létí aṣọ rẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀, ó gbé e kọ́ sára bọ́tìnnì dúdú náà. Ó wá gbé ohùn sókè, gbogbo Ìlú Dígí sì gbọ́ ọ. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí mo fi ààlè sí yìí, bí eyín òòyà yìí ṣe ká, bẹ́ẹ̀ ni kí ìka rẹ̀ ká. Bí bàtà yìí ṣe rìn títí tí kò ní ìdí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa rìn tí kò ní rí ibi jókòó."

Ẹ ò rí i? Ìlú tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n fi ń jẹun, ìjókòó ni wọ́n fi ń gbé ayé! Tẹ̀ẹ́pa fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sí abíyá. Ajíṣeré na ọwọ́, ó fà á padà, ó na òmíràn, ó fa ìyẹn náà padà. Inú bí i títí ojú rẹ̀ kan náà fi pọ́n. Nígbà tó yá, ó ní, "Òwú ni o fi so ó. Òwú a máa jẹrà. Ọjọ́ tó bá já, n ó tẹ̀ ẹ́."

"N ó máa wá pààrọ̀ rẹ̀, ìyá."

"Ìwọ? Ìwọ tí wọ́n rán ní òòyà!"

Ọdẹ́jìnmí wo inú dígí, ó kí àwọn ará inú rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó gba ọ̀nà jáde. Igbó Àìdúró tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò bá wọn sáré mọ́. Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó lóṣòó jẹ́ẹ́, ó jẹ́ kí ilẹ̀ máa wọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Kò pẹ́ púpọ̀, ọ̀nà odò fúnra rẹ̀ ló rìn wá bá a.

Àńkẹ́ ń bó ẹ̀gúsí lójúde nígbà tó yọ. Kò dìde. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ kan tó ní bàtà àti èkejì tí kò ní. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Iṣu ti jinná."

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Òòyà mi dà?"

Ó yọ tuntun fún un. Òòyà náà dán, kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kankan ní abúlé yìí.

"Ti àtijọ́ ńkọ́?"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe ń rò ó fún yín yìí. Omijé ń bọ́ lójú Àńkẹ́, inú sì ń bí i, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá pe ọmọ kan tó ń ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀ lẹ́yìn adìyẹ nínú àgbàlá, ó fà á sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi òòyà tuntun ya irun ọmọ náà.

Ọdẹ́jìnmí rọra béèrè. "Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

"Kí ni wọn ì bá tún sọ ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lájò? Abídèmí ni."

Èmi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Ọdẹ, ẹ kò bi mí léèrè orúkọ mi rí.

Bàbá mi kọ́ ìjókòó. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bá a lẹ́nu ọ̀nà, n ó sì kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá," ojú rẹ̀ yóò sì kún fún omi. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, yóò gbéra. Ìyá mi, tó máa ń dí ọ̀nà fún un tẹ́lẹ̀, òun ló ń fi òòyà tó ti ká eyín pamọ́ dè é lọ́dọọdún, òun ló ń lọ́ òwú tó nípọn. Yóò ní, "Ẹ so ó dáadáa o. Ẹ bá mi kí arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn." Yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi sì ń dé ní ọjọ́ tó bá dá.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi kò gbé e mọ́, ó kó ààlè lé mi lọ́wọ́. Rájí, ìwọ lo máa ń sọ ní ìsọ̀ rẹ pé gbogbo ọyẹ́ ni Bàbá Ọdẹ ń wọ igbó, kò sì ta ọ̀kẹ́rẹ́ bọ̀. Òótọ́ ni. Mi ò mú ìbọn dání. Wọ́n ti kọ́ ilé báyìí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Arúgbó tó kọ́kọ́ kí bàbá mi ti kú tipẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń kí mi.

Fadékẹ́mi, kí ni ìka rẹ ń wá níbẹ̀ yẹn? Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ẹ gbọ́ o, ó ní bátìrì ti fẹ́ tán, ó ní kí òun pa á kó tó kú fúnra rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ bóyá ohun tó hù nínú rẹ̀ látàárọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ bí òun bá tún un tàn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ẹsẹ̀ yẹn.

Kí ni gbogbo yín ń wò mí fún? Mi ò ní kí ẹ ṣe ohunkóhun o. Ìtàn ni mo sọ, géèmù sì ni géèmù.

Fadékẹ́mi ọmọ mi, kí lo yọ lórí yẹn? Òòyà ike ni? Eyín rẹ̀ ti ká méjì. Ó dáa, gbé e lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á yẹn. Ó bójú mu.

Rájí, ìwọ ńkọ́, níbo lò ń sáré lọ? Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má pè é padà. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ lọ tàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ lọ bá a gbé e, ó wúwo.

Fadékẹ́mi, fa àga yẹn sún mọ́ ọn kí o jókòó tì wọ́n. O kú ìjókòó o.